Ẹ̀kọ́ Òru: Bí Òṣìṣẹ́ Ọ̀sán Ṣe Ń Di Chartered Accountant

Ní Ayétòrò, bí ẹ bá béèrè dáadáa, ẹ ó rí ẹnì kan tó ń ka ICAN. Ọ̀sán ló fi ń ṣiṣẹ́: ó lè jẹ́ tíṣà, ó lè jẹ́ akọ̀wé ní ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Yewa, ó lè máa tọ́jú ìwé owó fún oníṣòwò kan. Òru àti ìdájí ló fi ń kàwé. Tí oṣù karùn-ún tàbí oṣù kọkànlá bá ti ń sún mọ́lé, ẹ ò ní í rí i níbi ìnáwó mọ́. Àwọn ẹbí á ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, ìdánwò ló ń bọ̀." Ó lè ti wà lẹ́nu ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, ó lè ti pé ọdún mẹ́jọ.

Àwa tí à ń kọ software kì í fi bẹ́ẹ̀ kíyè sí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ìran tiwa gbà pé àwa la kọ́kọ́ dá ara wa lẹ́kọ̀ọ́: a ra dátà, a ṣí YouTube, a kọ́ JavaScript lóru, a sì fi wáṣẹ́. Ṣùgbọ́n ká sọ tòótọ́, ẹ̀kọ́ òru ti wà nílẹ̀ yìí kí kọ̀ǹpútà tó dé. Pósọ́fíìsì ni íntánẹ́ẹ̀tì àwọn àgbà wa. Ìtàn bí wọ́n ṣe fi òru wọ inú iṣẹ́ tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ wọn la fẹ́ sọ níbí.

Ìṣirò kì í ṣe àjèjì sí wa

Ẹ jẹ́ ká ti ilé bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí owó ẹyọ là ń ná, ogójì ẹyọ la máa ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000. Ẹni tó bá fẹ́ ṣòwò gidi gbọ́dọ̀ mọ ìṣirò yìí lórí, nítorí kò sí ìwé tí yóò kọ ọ́ sí. Ìdí nìyẹn tí orúkọ nọ́ńbà wa fi kún fún àròpọ̀, ìyọkúrò àti ìsọdipúpọ̀: àádọ́ta fúnra rẹ̀ jẹ́ ogún lọ́nà mẹ́ta tí a yọ mẹ́wàá kúrò nínú rẹ̀.

Ẹ wo àjọ náà. Alájọ á gba owó lójoojúmọ́ lọ́wọ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn, á sì dá a padà fún oníkálukú ní ìparí oṣù láì dín. Bí a bá fẹ́ yin ẹni tó ní làákàyè, a máa ń sọ pé orí ẹ̀ pé bíi ti alájọ Ṣómólú. Kí làwọn èèyàn ń yìn níbẹ̀? Wọ́n ń yin ẹni tí a lè fi owó wa síkàáwọ́ rẹ̀, tí ìṣirò rẹ̀ kò sì ní í yẹ̀. Ohun tí gbogbo ayé ń wá lọ́wọ́ akáúńtáǹtì náà nìyẹn.

Ohun tí a kò ní ni ìwé tí ẹlòmíì lè yẹ̀ wò nígbà tí alájọ kò bá sí nílé. Láàárín àwọn oníṣòwò Ítálì nirú ìwé bẹ́ẹ̀ ti gbilẹ̀. Ní ọdún 1494, àlùfáà kan tó ń jẹ́ Luca Pacioli tẹ ìwé ìṣirò ńlá kan jáde ní ìlú Venice. Nínú rẹ̀, ó ṣàlàyé bí àwọn oníṣòwò ibẹ̀ ṣe ń kọ owó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: ibi tó ti wá, àti ibi tó lọ. Kì í ṣe òun ló dá a sílẹ̀, àmọ́ òun ló jẹ́ kó tàn káàkiri. Òfin kan wà nínú iṣẹ́ yìí tí àwa oníkọ̀ǹpútà fẹ́ràn gan-an: a kì í pa ohun tí a ti kọ rẹ́. Tí àṣìṣe bá wà, ẹ ó kọ òmíràn sísàlẹ̀ tí yóò tún un ṣe, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí méjèèjì. Ẹni tó bá ti lo git rí mọ ohun tí à ń sọ.

Ilẹ̀kùn tó ní owó ìwọlé

Ní ọdún 1854, àwọn akáúńtáǹtì ìlú Edinburgh ní Scotland gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Ọbabìnrin Victoria láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ìwé àṣẹ ọba yẹn ni wọ́n ń pè ní charter. Ibẹ̀ ni orúkọ "chartered accountant" ti jáde. Àwọn ti England gba tiwọn ní 1880.

Bí wọ́n ṣe ń kọ́ iṣẹ́ náà kò ní í ya ẹnikẹ́ni tó bá mọ ìkọ́ṣẹ́ nílẹ̀ Yorùbá lẹ́nu. Ọmọ yóò lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá, wọ́n á tọwọ́ bọ̀wé, yóò sì sìn fún ọdún márùn-ún. Tó bá ti gboyè yunifásítì, wọ́n á dín in kù sí mẹ́ta. Tó bá parí, tó sì yege ìdánwò, ó gba fírídọ̀ọ̀mù nìyẹn. Ibi tó ti yàtọ̀ sí ti télọ̀ tàbí mẹkáníìkì ìgboro wa ni pé owó ìkọ́ṣẹ́ náà pọ̀ lápọ̀jù, ọ̀pọ̀ ọmọṣẹ́ kì í sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá. Bàbá tí kò bá lówó lọ́wọ́ kò lè bọ́ ọmọ fún ọdún márùn-ún kí ó tún sanwó lé e. Bí iṣẹ́ ìṣirò ṣe di iṣẹ́ ọmọ olówó nìyẹn.

Àwọn tí kò rọ́nà gba ibẹ̀ wọlé wá ọ̀nà mìíràn. Ní 1904, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní London tó gba àwọn tí kò lè san owó ìkọ́ṣẹ́ yẹn. Ẹgbẹ́ náà ló di ACCA tí a mọ̀ lónìí. Yunifásítì London pẹ̀lú ti ṣí ìdánwò oyè rẹ̀ sílẹ̀ láti 1858 fún ẹni tí kò gbé nínú ọgbà rẹ̀. Níbi tí ìdánwò bá sì wà, àwọn olùkọ́ kì í pẹ́ dé. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ inú lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú: Wolsey Hall, Rapid Results College àtàwọn mìíràn. Ẹ ó fi owó ránṣẹ́, wọ́n á fi ẹ̀kọ́ ránṣẹ́. Ẹ ó dáhùn ìbéèrè, ẹ ó fi í sínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n á máàkì í, á sì padà dé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó: ẹ béèrè ìbéèrè kan lóṣù kìíní, ìdáhùn dé lóṣù kẹta. Àwa tí a máa ń bínú tí ojú ìwé kan bá fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ṣí!

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ tó ka Commerce lóru

Ẹni tó gbajúmọ̀ jù nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ inú lẹ́tà nílẹ̀ Yorùbá ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ọdún 1909 ni wọ́n bí i ní Ìkẹ́nnẹ́. Bàbá rẹ̀ kú nígbà tó ṣì kéré, ìyà sì jẹ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó ṣe tíṣà, ó ṣe akọ̀wé, ó kọ ìròyìn, ó ta kòkó, ó fi mọ́tò kó ẹrù. Òwò náà yí dànù mọ́ ọn lọ́wọ́, gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Nínú gbogbo kùrukẹrẹ yìí, ó ń kàwé lọ. Ní ọdún 1944, láì kúrò nílé, ó gba oyè Bachelor of Commerce ti Yunifásítì London. Ọdún yẹn kan náà ló wá wọ ọkọ̀ lọ London láti ka òfin.

A mọ Awólọ́wọ̀ mọ́ òṣèlú àti ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955. A kì í sábà rántí pé Commerce ló kọ́kọ́ kà, àti pé ó kà á gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń wá oúnjẹ òòjọ́. Kì í ṣe òun nìkan. Àwọn akọ̀wé ìjọba, akọ̀wé rélùwéè àti akọ̀wé ilé iṣẹ́ òyìnbó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Èkó, Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, pẹ̀lú fìtílà àti lẹ́tà. Àwọn míì yege. Àwọn míì wà lórí rẹ̀ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì.

Ẹni àkọ́kọ́

Ọ̀nà tí Akíntọ́lá Williams gbà yàtọ̀. Èkó ni wọ́n bí i sí ní oṣù kẹjọ ọdún 1919. Ó lọ sí CMS Grammar School, lẹ́yìn náà ó lọ sí Yaba Higher College, owó ilé iṣẹ́ UAC ló sì fi kàwé níbẹ̀. Ní 1944 ó lọ sí Yunifásítì London, ó gba oyè Commerce ní 1946. Ó wá sin ọ̀gá fún ọdún mẹ́ta. Ní 1949 ó yege. Òun sì ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di chartered accountant. Nígbà tó wà lọ́hùn-ún, ó wà lára àwọn tó dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ ní London ní 1945, òun àti Awólọ́wọ̀ pẹ̀lú Dókítà Oni Akerele.

Ẹ ṣe ìṣirò náà dáadáa: àwọn akáúńtáǹtì Edinburgh gba ìwé àṣẹ ní 1854, ọmọ Nàìjíríà kan kò wọlé títí di 1949. Ọdún 95 ló wà láàárín méjèèjì. Kì í ṣe pé orí wa kò pé. Òkèèrè ni wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà sí, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè kọ́ iṣẹ́ náà yọrí nílé.

Nígbà tó padà dé ní 1950, ẹ̀ka owó orí ìjọba ló ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Ní 1952, ó fi í sílẹ̀, ó dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó. Àwọn ilé iṣẹ́ òkèèrè ńláńlá ló di iṣẹ́ ọ́dítọ̀ mú nígbà náà, àwọn iléeṣẹ́ òyìnbó kò sì ní í gbé ìwé wọn fún ọmọ Èkó kan. Àwọn wo ló wá gbé iṣẹ́ fún un? Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ni: ìwé ìròyìn West African Pilot ti Nnamdi Azikiwe, ilé iṣẹ́ adójútòfò ti K. O. Mbadiwe, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ti Ojukwu, ilé iṣẹ́ àga ti Fawẹ̀hìnmi. Bí ẹ bá ń béèrè ohun tí "ẹ ra ọjà ara yín" lè ṣe, ìdáhùn kan nìyẹn. Ilé iṣẹ́ yẹn dàgbà, ó tàn dé ilẹ̀ mìíràn, ó sì wá di ara Deloitte. Bàbá fúnra wọn kú ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 lẹ́ni ọdún 104.

Ká gbé ilẹ̀kùn náà wálé

Ní 1960, ọdún òmìnira, àwọn díẹ̀ tó ti yege kóra jọ dá Association of Accountants in Nigeria sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wá kò ju kí èèyàn lè kọ́ iṣẹ́ yìí kó sì ṣèdánwò rẹ̀ nílé. Ó gbà wọ́n ní ọdún márùn-ún. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1965, òfin ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin dá ICAN sílẹ̀, Akíntọ́lá Williams sì ni ààrẹ àkọ́kọ́.

Àsìkò náà bá ìlò mu. Òfin ilé iṣẹ́ ti 1968 ní kí ilé iṣẹ́ òkèèrè tó ń ṣòwò níbí forúkọ sílẹ̀ níbí. Ní 1972, òfin mìíràn ní kí ọmọ Nàìjíríà ní ìpín nínú wọn. Gbogbo ìyẹn ń fẹ́ ìwé owó, gbogbo ìwé owó ń fẹ́ ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Owó ìjọba pẹ̀lú ń fẹ́ olùṣọ́: ní 1962, ìgbìmọ̀ Adájọ́ G. B. A. Coker ti yẹ ìwé àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn wò, àríyànjiyàn tó tẹ̀lé e kò sì tíì tán lẹ́nu àwọn àgbà. Ohun kan tó yé gbogbo èèyàn ni pé owó kòkó àwọn àgbẹ̀ wà nínú àwọn ìwé náà, àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ kò sì lè kà wọ́n.

Ayétòrò ńkọ́?

Ìlú tiwa wọ inú ìtàn yìí ní 1963. Ọdún yẹn ni Comprehensive High School ṣí ní Ayétòrò, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ìjọba Amẹ́ríkà àti Yunifásítì Harvard. Títí dìgbà náà, girama ni girama, ilé ìwé iṣẹ́ ọwọ́ sì dá wà lọ́tọ̀. Ẹni tó ka Latin ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹni tó ń kan àga. Ní Ayétòrò, abẹ́ òrùlé kan náà ni wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sí: sáyẹ́ǹsì àti lítíréṣọ̀, iṣẹ́ àgbẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀rọ, ìtọ́jú ilé, àti ẹ̀kọ́ ìṣòwò. Ibẹ̀ náà ni ẹ̀kọ́ Social Studies ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Nàìjíríà. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gbé ètò 6-3-3-4 jáde ní 1982, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ẹ̀kọ́ wo ẹ̀yìn, wọ́n rí Ayétòrò.

Èyí ṣe pàtàkì sí wa ju bó ṣe jọ lọ. Ìlú wa kì í ṣe Èkó. Ojú ọ̀nà bọ́dà ni a wà, ìlú oníṣòwò àti àgbẹ̀. Kí ọmọ àgbẹ̀ tó wà níbẹ̀ kọ́ debit àti credit nínú kíláàsì kan náà tí wọ́n ti ń kọ́ ọ ní Fisiksi, ohun ńlá ni. Nígbà tó yá, òfin dá Federal Polytechnic Ìlaròó sílẹ̀ ní 1979, ẹ̀kọ́ ìṣirò owó sì wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Yunifásítì ìpínlẹ̀ Ògùn bẹ̀rẹ̀ ní 1982, èyí tí a ń pè ní Ọlábísí Ọnàbánjọ lónìí, ó sì fi ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ rẹ̀ sí Ayétòrò. Ilẹ̀kùn tó wà ní Edinburgh ti ń sún mọ́ ilé díẹ̀díẹ̀.

Àwa ará bọ́dà tún mọ ohun kan tí ará Èkó kò mọ̀: ìṣirò owó ní èdè tirẹ̀. Ẹ kọjá Ìmẹ̀kọ, ẹ wọ Kétu ní ilẹ̀ Benin. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wá, Yorùbá kan náà la jọ ń sọ. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ètò OHADA, tí àwọn orílẹ̀-èdè náà tọwọ́ bọ̀ ní 1993, nọ́ńbà ni wọ́n fi ń to àkáǹtì: ìnáwó wà ní kíláàsì 6, owó tó ń wọlé wà ní kíláàsì 7, kò sì sí ilé iṣẹ́ tó lè yí i padà. Ọmọ Ayétòrò tó yege ICAN kò lè kàn sọdá bọ́dà kó lọ fọwọ́ sí ìwé ilé iṣẹ́ ní Kétu. Ọjà wa ń kọjá lójoojúmọ́, ìwé ẹ̀rí wa dúró sí bọ́dà.

Ta ló ń ti ilẹ̀kùn báyìí?

Lónìí, ìpele mẹ́ta ni ìdánwò ICAN ní: Foundation, Skills àti Professional. Ẹẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń ṣe é, máàkì 50 sì ni wọ́n fi ń yege. Ẹni tó bá ka Accounting ní yunifásítì lè fo ìpele àkọ́kọ́. Ẹni tó ka nǹkan mìíràn á ti ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìdánwò, ó tún gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ti ṣiṣẹ́ náà fún ọdún mélòó kan. Ẹ rí i pé ìkọ́ṣẹ́ àtijọ́ ṣì wà nínú rẹ̀. Ó kàn jẹ́ pé ọmọṣẹ́ ń gba owó oṣù báyìí.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ICAN ti ju 50,000 lọ. Olútóyìn Ọlákùnrin ni obìnrin àkọ́kọ́ tó di chartered accountant ní Nàìjíríà, òun náà sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ náà. Ohun tó dáa lèyí.

Àmọ́ ìtàn náà ní apá kan tí kò dùn ún gbọ́. Ní 1979, àwọn kan dá ẹgbẹ́ mìíràn sílẹ̀, ANAN. ICAN kò fẹ́ kí òfin dá wọn mọ̀. Ìjà náà le, ó sì pẹ́ títí ìjọba ológun fi fún ANAN ní òfin tirẹ̀ ní 1993. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ ìjáfáfá ni ICAN ń jà fún, pé ẹni tí kò bá yege dáadáa kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé owó ìlú. Àwọn mìíràn ní ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ lánàá ló ń ti í mọ́ ẹlòmíì lónìí. Lójú tiwa, òótọ́ wà nínú méjèèjì. Ìdánwò tó le dáàbò bo àgbẹ̀ tí owó rẹ̀ wà nínú ìwé. Ṣùgbọ́n kí ohun tó le jẹ́ ìmọ̀, kó má jẹ́ owó.

Nítorí ẹ wò ó: òṣìṣẹ́ Ayétòrò tó fẹ́ jókòó fún ìdánwò yìí á san owó ìforúkọsílẹ̀, á san owó ìdánwò, á ra ìwé, á wọ mọ́tò lọ sí ìlú tí ibùdó ìdánwò wà, á sì tọrọ àyè níbi iṣẹ́. Tó bá kùnà nínú bébà kan, á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí owó. Kò sí òyìnbó kankan níbẹ̀ tó ń sọ pé kó má wọlé. Síbẹ̀, ẹni tí kò rówó ṣì wà níta, bó ṣe rí ní England ní 1880.

Àwa oníkọ̀ǹpútà máa ń fọ́nnu pé iṣẹ́ tiwa kò ní ilẹ̀kùn: mọ iṣẹ́, wá ṣe é. Ó dára. Àmọ́ iṣẹ́ tí kò bá ní ilẹ̀kùn kò ní aṣọ́nà pẹ̀lú. Bí app tí a kọ bá gbé owó ìyá alájà kan lọ, ta ló máa fọwọ́ sí i pé òun ló jẹ̀bi? Akáúńtáǹtì ń fi orúkọ ara rẹ̀ sábẹ́ ìwé, wọ́n sì lè gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀ tó bá parọ́. Ohun tí alájọ fi orí àti orúkọ rẹ̀ dúró fún lòun náà ń fi orúkọ tirẹ̀ dúró fún. Ó yẹ ká kọ́ ìyẹn lára wọn, bí wọ́n ṣe lè kọ́ ìṣílẹ̀kùn lára tiwa.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó ń ka ICAN, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti pẹ́ jù lórí rẹ̀. Ìwé tó ti kà tẹ́lẹ̀, ẹ bá a wá ẹni tó máa gbà á. Ẹ̀yin tí ẹ ti yege, tí ẹ wà ní Èkó tàbí London, ẹ san owó bébà kan fún ọmọ ìlú yín lọ́dún. Àwa tí a mọ kọ̀ǹpútà, ẹ jẹ́ ká kọ ìbéèrè àtijọ́ àti ìdáhùn sórí fóònù fún wọn lọ́nà tí kò ní í jẹ dátà. Lẹ́tà inú ọkọ̀ ojú omi ló gbé Awólọ́wọ̀ dé ibi tó dé. Ohun tó wà lọ́wọ́ tiwa yára ju ìyẹn lọ, kò sì yẹ kó jẹ́ àwa nìkan ló máa wúlò fún.